Oyin tó kú nítorí ìyá rẹ̀: ìṣirò ẹbí láàárín àwọn ẹranko

Bí oyin bá ta èèyàn, èèyàn ló ń ké, oyin ló ń kú. Abẹ́rẹ́ tó fi ń tani kò rí bọ̀rọ́. Ó ní ìkọ́ kéékèèké lára, awọ tiwa àti ti ẹranko onírun sì máa ń di àwọn ìkọ́ náà mú. Tí oyin bá wá fẹ́ fò lọ, abẹ́rẹ́ ò ní tẹ̀ lé e. Á já kúrò ní ìdí rẹ̀ tòun ti àpò oró àti díẹ̀ nínú ìfun. Tí ara bá gbà yín láti wo ojú ibẹ̀ dáadáa dípò kí ẹ máa fò sókè, ẹ óò rí àpò kékeré náà tó ṣì ń sọ kúlúkúlú, tó ń ti oró wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín ti lọ. Òórùn kan ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú, ó fara jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Òórùn yẹn ló ń ké sí àwọn tó kù nílé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ti sá fún oyin rí lóko fi mọ̀ pé bí ẹyọ kan bá ti ta, ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn.

Oyin tó ṣe gbogbo eléyìí, abo ni. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pè é: òun ló ń wá òdòdó kiri, tó ń tọ́ ìdin, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí á lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn láìbí ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá wọn ló ń yé ẹyin. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di àdììtú.

Ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n kò le ní ìpìlẹ̀. Ìwà tàbí ìrísí tó bá ń jẹ́ kí ẹranko ní ọmọ púpọ̀ tó yè ni yóò máa gbilẹ̀ láti ìran dé ìran, torí àwọn ọmọ yẹn ló ń jogún rẹ̀. Èyí tó bá ń pa ẹni tó ni ín láìbímọ, ó yẹ kó bá a wọ ilẹ̀. Báwo wá ni ìwà kí á ta ọ̀tá kí á sì kú ṣe bá oyin dé òní, nígbà tí àwọn tó ń hù ú kì í fi ọmọ sílẹ̀? Charles Darwin tó gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ fúnra rẹ̀ rí ìṣòro yìí. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1859, ó sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò tí kì í bímọ, pàápàá èèrà, kọ́kọ́ dà bí ohun tó lè fọ́ gbogbo àbá òun túútúú. Ọ̀nà àbáyọ tó rí kò jìnnà: ó ní kí a wo àwọn tó ń sin màlúù. Wọ́n á pa màlúù kan, wọ́n á rí i pé ẹran rẹ̀ dára, pé ọ̀rá wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Màlúù yẹn ti kú, kò lè bímọ mọ́. Síbẹ̀ ẹni tó ń sìn wọ́n á padà lọ sí ìdílé tó ti wá, á mú irú-ọmọ níbẹ̀, ẹran dáadáa yẹn á sì tún jáde. Ohun tó wà lára òkú, ẹbí rẹ̀ náà ní in. Darwin sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, àmọ́ kò mọ ohun tí jíìnì ń jẹ́, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, torí náà kò lè ṣírò rẹ̀.

Kí n tó dé orí ìṣirò, ìdáhùn kan wà tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́nu: pé ẹranko ń ṣe é kí irú wọn má bàa parun. Ó dùn létí. Kò kàn dúró ni. Ká ní ẹyẹ kan wà tí gbogbo wọn ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ara wọn kí irú wọn lè pẹ́ láyé. Lọ́jọ́ kan wọ́n bí ọ̀kan láàárín wọn tí kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀ lára. Bí àwọn yòókù ṣe ń fi sílẹ̀, òun ń kó o jẹ. Ta ni yóò ní ọmọ jù? Àwọn ọmọ rẹ̀ náà á jogún ìwà rẹ̀, wọ́n á sì tún jẹ èyí tí àwọn onínúure fi sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àwọn onínúure fi máa di ìtàn. Ire gbogbo ìran kò lè dáàbò bo ìwà tó ń jẹ ẹni tó ń hù ú ní gbèsè. Ní 1962, V. C. Wynne-Edwards, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ ìwé ńlá kan láti gbè sẹ́yìn irú èrò ire-gbogbo-ẹgbẹ́ yìí. Ní 1966 George Williams fèsì, ó sì tú u palẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko fi í sílẹ̀. Síbẹ̀ títí di òní, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ fíìmù ẹranko lórí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ ọ́ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó wá ṣírò ọ̀rọ̀ náà ni William Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Cairo ní 1936. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní London nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó dá wà, àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń wá kiri. Nígbà míì tí yàrá bá sú u, á lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó ṣáà lè wà láàárín èèyàn. Ní 1964 ó tẹ àpilẹ̀kọ apá méjì jáde nínú Journal of Theoretical Biology. Inú rẹ̀ le gan-an, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: rB > C.

Ìyẹn ni pé r lọ́nà B gbọ́dọ̀ ju C lọ kí ìrànlọ́wọ́ tó lè gbilẹ̀. C ni ohun tí olùrànlọ́wọ́ pàdánù. B ni èrè tí ẹni tó ràn lọ́wọ́ jẹ. Iye ọmọ la fi ń ka méjèèjì. Èyí tó ń da èèyàn láàmú ni r, ìwọ̀n ìbátan, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ sí i. Ẹ mú jíìnì kan péré lára yín, èyí tí kò wọ́pọ̀ láwùjọ. Ẹ ti gbà á láti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá yín. Ká ní ìyá yín ló fún yín. Ẹ̀dà méjì ni ìyá yín ní lójú ibẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, láìṣe pé ẹnì kan yàn án. Nítorí náà àbúrò yín tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan bàbá kan ní ìdajì àǹfààní láti ní jíìnì yẹn. Bó bá jẹ́ ọbàkan yín ni, tó jẹ́ bàbá nìkan lẹ jọ ní, ó já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, torí bí jíìnì náà bá ti ọ̀dọ̀ ìyá yín wá, ọ̀nà kò sí tó fi máa dé ara rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí, ìdajì. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n yín bí, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ tí àbúrò bàbá yín bí, ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ fi nọ́ḿbà sí i. Ẹyẹ kan fi ọmọ kan tí ì bá bí sílẹ̀, ó lọ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n náà sì tọ́ ọmọ mẹ́ta lé lórí iye tí ì bá tọ́ yè. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá kan bàbá kan, mẹ́ta lọ́nà ìdajì jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀, ó ju ọ̀kan tó pàdánù lọ. Jíìnì tó ń mú un ṣe irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ á pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọbàkan rẹ̀ ni, mẹ́ta lọ́nà ìdá mẹ́rin kò tó ọ̀kan, jíìnì náà á sì máa dín kù. Ìrànlọ́wọ́ kan náà ni, àárẹ̀ kan náà ni. Wọ́n máa ń sọ pé J. B. S. Haldane, onímọ̀ nípa jíìnì, ti fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ ní ilé ọtí ní London kí Hamilton tó dé: ó ní òun ò ní bẹ́ sómi nítorí arákùnrin kan, àfi bí wọ́n bá pé méjì, tàbí kí àwọn ọmọ àbúrò bàbá òun pé mẹ́jọ. Méjì lọ́nà ìdajì, ọ̀kan. Mẹ́jọ lọ́nà ìdá mẹ́jọ, ọ̀kan. Ọ̀mì ni, ó ku ẹnì kan kí ó tó jèrè.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ti kàwé díẹ̀ máa ń bi mí níbí, ó sì dára: ṣé kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ló jọ ní jíìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kan náà? Báwo ni ẹ ṣe wá ń sọ pé ìdajì ni èmi àti àbúrò mi jọ ní? Òótọ́ ni, jíìnì tiwa jọra gan-an. Àmọ́ èyí tí gbogbo èèyàn ní kò sí nínú ìdíje. Ẹni yòówù kó bímọ, òun náà ló ń wọlé. Ìdíje ń wáyé níbi tí ẹ̀dà méjì ti yàtọ̀ síra wọn, níbi tí ọ̀kan lè pọ̀ kí èkejì dín kù. Ní irú ojú ibẹ̀ yẹn, àjèjì tó ń kọjá lọ lójú títì kò ní ju ohun tí ẹnikẹ́ni ní lọ. Àbúrò yín ló ní ìdajì àǹfààní lé lórí ìyẹn. Ohun tó lé lórí tàwọn ará ìta ni r ń wọ̀n.

Ó dáa, ṣé ẹranko wá ń ṣe ìṣirò ni? Rárá o. Oyin kò mọ ìdajì yàtọ̀ sí ìdá mẹ́rin. Ohun tí jíìnì ń kọ́ sínú ẹranko ni àṣà kékeré kan tó máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà: ràn àwọn tí ẹ jọ dàgbà nínú ìtẹ́ lọ́wọ́, ràn ẹni tí òórùn rẹ̀ jọ tilé lọ́wọ́, fún ọmọ tó bá yanu nínú ìtẹ́ rẹ ní oúnjẹ. Ẹ̀rí pé àṣà lásán ni, kì í ṣe òye, ni pé àwọn ọlọ́gbọ́n ń fi í rẹ́ni jẹ. Àwọn ẹyẹ kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n máa ń yọ́ ẹyin wọn sínú ìtẹ́ ẹ̀gà. Bí ẹyin náà bá pa, ẹ̀gà á máa sáré wá oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, torí inú ìtẹ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ̀gà náà ò sùn sílẹ̀ ṣá: àwọ̀ ẹyin wọn yàtọ̀ láti abo dé abo, abo kọ̀ọ̀kan sì máa ń ju ẹyin tí kò bá jọ tirẹ̀ síta.

Ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ben Hatchwell àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ẹyẹ kékeré kan tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Bí ẹranko búburú bá fọ́ ìtẹ́ rẹ̀, tí ọdún sì ti lọ jìnnà, kì í kọ́ òmíràn. Á lọ sí ìtẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, á máa bá wọn gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Báwo ló ṣe ń mọ̀ wọ́n? Ohùn ni. Wọ́n gbé àwọn ọmọ kéékèèké láti ìtẹ́ kan sí òmíràn, ohùn tí àwọn ọmọ náà wá dàgbà di jẹ́ ti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n jọ wá láti inú ìyá kan náà.

Tí ẹ bá bi mí ní àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù, màá mú yín lọ sí Tioga Pass, ní orí òkè Sierra Nevada ní California. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í gun igi, inú ihò ilẹ̀ ló ń gbé. Nígbà tí òtútù bá lọ tí koríko bá yọ, wọ́n á tú jáde máa jẹun. Bí ẹranko apẹran-jẹ bá yọ, ọ̀kan nínú wọn á dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á yọrí sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kíkan. Gbogbo àwọn tó kù á sá wọ ihò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pariwo ti sọ ibi tó wà fún ọ̀tá. Paul Sherman jókòó tì wọ́n láti ọdún dé ọdún, ó kun àmì sí wọn lára kó lè dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó mọ ẹni tó bí ẹni. Nígbà tó tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1977, ó fi hàn pé ìgbé-orí-léwu yìí kì í ṣe àròsọ: ọ̀tá máa ń lé àwọn tó ń pariwo ju àwọn tó dákẹ́ lọ.

Ta ló wá ń pariwo? Láàárín àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, akọ ló ń kúrò nílé. Bó bá ti ń dàgbà, á ṣí lọ jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí, àwọn tó yí i ká níbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀. Àwọn abo ń jókòó sí tòsí ìyá wọn. Nítorí náà ní pápá kan náà, ìyá, ọmọbìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lóbìnrin ni aládùúgbò ara wọn. Abo ló ń pariwo jù. Àti nínú àwọn abo, àwọn tó ní ìyá, ọmọ tàbí àbúrò tó ṣì wà láàyè nítòsí ń pariwo ju àwọn tí kò ní ẹnì kankan lọ. Akọ tó wà láàárín àwọn àlejò máa ń rọra wọ ihò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí ire gbogbo ìran ni wọ́n ń ṣe é, kí ló dé tí akọ ò fi bìkítà? Òun náà wà nínú ìran.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oyin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Akọ oyin kò ní bàbá. Ẹyin tí àtọ̀ kò kàn ló ń di akọ. Èyí tó bá gba àtọ̀ di abo. Jíìnì tí akọ ní jẹ́ ẹyọ ẹyọ, kò ní méjì méjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àtọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ bákan náà. Bí abo méjì bá wá jọ ní ìyá kan bàbá kan, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá, wọ́n sì tún pín ìdajì ohun tí ìyá fún wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oyin sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóbìnrin ju bí ì bá ṣe sún mọ́ ọmọ tó bí lọ! Hamilton fúnra rẹ̀ tọ́ka sí i, àwọn èèyàn sì gbá a mú: wọ́n ní ìdí tí oyin, èèrà àti agbọ́n fi ń sin ìyá wọn nìyẹn. Ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ púpọ̀ títí di òní.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyá oyin kì í gba ọkọ kan. Ẹ ronú sí ilé olórogún, kí ẹ wá dorí rẹ̀ kodò: obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ ọkọ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, àwọn ọkọ ti kú tán, àwọn ọmọ nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń gbé. Bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà èwe rẹ̀ ni ayaba ń fò jáde lọ bá àwọn akọ lófuurufú, akọ tó bá gùn ún á kú níbẹ̀, àtọ̀ tó kó jọ lá wá máa lò títí ayé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọmọ bàbá kan, ìdá kan nínú mẹ́rin péré sì ni ìbátan àwọn tí bàbá wọn yàtọ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n ń fọ́nnu rẹ̀ ti fò lọ.

Èyí bí ohun kan tí mi ò bá ti rò pé kòkòrò lè ṣe. Òṣìṣẹ́ oyin kò gba ọkọ, ṣùgbọ́n ó lè yé ẹyin tí àtọ̀ kò kàn, ẹyin náà á sì di akọ. Kí ni àwọn yòókù máa ṣe sí i? Ẹ ka ìbátan. Akọ tí ayaba bí jẹ́ arákùnrin òṣìṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin. Akọ tí òṣìṣẹ́ mìíràn bí, tí bàbá wọn yàtọ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọmọ ayaba lérè jù fún un. Francis Ratnieks sọ tẹ́lẹ̀ látinú ìṣirò yìí pé àwọn òṣìṣẹ́ á máa fìyà jẹ ara wọn. Òun àti Kirk Visscher wo inú ilé oyin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989. Bí òṣìṣẹ́ bá yé ẹyin sínú afárá, àwọn yòókù á wá a rí, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹyin ayaba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀. Àlàáfíà tó wà nínú ilé oyin, ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló wá bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, bí kì í bá ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin? Ìdáhùn tó lágbára jù lọ́wọ́ báyìí ni pé nígbà ìwáṣẹ̀, ìyá àwọn kòkòrò yìí gba ọkọ kan ṣoṣo. Ní 2008, William Hughes pẹ̀lú Ratnieks àti àwọn mìíràn kó irú oyin, agbọ́n àti èèrà 267 jọ, wọ́n tọ ìdílé wọn sẹ́yìn. Gbogbo ibi tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ aláìbímọ ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkọ púpọ̀ dé lẹ́yìn, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò lè padà sí ìgbé ayé adábímọ mọ́. Bí ìyá àti bàbá bá jẹ́ ọ̀kan náà títí ayé, àbúrò tí wọ́n bá bí fún ọ níye tó ọmọ tí ìwọ ì bá bí, bí a bá da ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin: ìdajì sí ìdajì. Tí àbójútó rẹ bá lè mú kí àbúrò kan péré sí i yè ju iye ọmọ tí o lè dá tọ́, òṣùwọ̀n ti tẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú abọ́ wa. Èsúnsún tí a ń já ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, tí a ń yan jẹ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọba àti ayaba ọ̀la ni wọ́n. Wọ́n jáde nínú ọ̀gán láti lọ tẹ ilé tiwọn dó. Akọ kan àti abo kan á bá ara wọn pàdé, wọ́n á bọ́ ìyẹ́, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì wà pọ̀ nínú ihò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọ kì í kú lẹ́yìn tó bá gun abo gẹ́gẹ́ bíi ti oyin. Lára ikán, akọ náà ní ìyá àti bàbá, jíìnì wọn méjì méjì bíi tiwa, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì jẹ́ takọtabo. Kò sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ìlú tó ga ju èèyàn lọ. Ọkọ kan, aya kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí n padà sí ìlà kan tí mo kọ lókè kó má bàa di pé ẹbí jẹ́ ọ̀run àlàáfíà. Nínú rB > C, bí C bá tóbi, r kò lè gba ẹnikẹ́ni. Idì dúdú kan wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà tó ń yé ẹyin méjì. Àkọ́pa tó jáde á fi ẹnu ṣá èkejì pa, ìyá á sì máa wò ó. Ìdajì ìbátan kò gba ọmọ náà là. Ní Kẹ́ńyà, Stephen Emlen àti Peter Wrege lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ oyin, tó ń gbẹ́ ihò sínú ògiri iyẹ̀pẹ̀ létí odò. Àwọn tí kò ní ìtẹ́ máa ń ran àwọn tó ní lọ́wọ́, wọ́n sì ń yan ẹbí tó sún mọ́ wọn jù. Ìyàwó tó ti ibòmíràn wá kì í bá ìdílé ọkọ gbé oúnjẹ kiri. Ẹbí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ wọ́n tún rí àwọn bàbá tó ń lọ da ìtẹ́ ọmọkùnrin wọn rú. Bàbá á dínà mọ́ ọn ní ẹnu ihò, á máa lé e, títí ọmọ á fi jáwọ́, tí á padà wálé wá tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ ṣírò fún bàbá: ọmọ tirẹ̀ jẹ́ ìdajì, ọmọ-ọmọ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó yé e. Fún ọmọ, àwọn àbúrò jẹ́ ìdajì, ọmọ tó fẹ́ bí náà jẹ́ ìdajì. Àdánù rẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tó ń bá bàbá jà sí. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í bá a fà á pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo oore ni ti ẹbí. Àdán amùjẹ̀ ní Costa Rica lè kú bó bá pàdánù oúnjẹ fún òru méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó yó máa ń pọ ẹ̀jẹ̀ jáde fún ẹni tí ebi ń pa. Gerald Wilkinson kọ nípa wọn ní 1984. Nígbà tí òun àti Gerald Carter tún un yẹ̀ wò nínú àkámọ́ lẹ́yìn náà, ohun tó jẹ́ kí àdán kan fún èkejì jù ni bóyá èkejì ti fún un rí, ju bóyá ìyá kan ló bí wọn. Fún mi kí n fún ọ ni. Àwọn míì tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé oore wọn kì í ṣe oore. Ní aṣálẹ̀ Kalahari, ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní meerkat máa ń gun ibi gíga láti ṣọ́nà fún ẹgbẹ́. A ti ń kan sáárá sí i tipẹ́. Tim Clutton-Brock wá fi hàn ní 1999 pé ẹni tó ti yó ló ń lọ ṣọ́nà, òun ló sì ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá tó sì ń kọ́kọ́ wọ ihò.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń bára wọn jà lórí gbogbo èyí, ìjà náà sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2010, Martin Nowak, Corina Tarnita àti Edward Wilson kọ nínú ìwé ìròyìn Nature pé ìṣirò Hamilton kò wúlò, pé kí a dá a nù. Ní 2011, onímọ̀ 137 fọwọ́ sí èsì kan ṣoṣo láti sọ pé irọ́ ni. Lójú tèmi, bí a ó ṣe kà á ni wọ́n ń jà sí jù. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ Tioga Pass kò mọ ìyá rẹ̀.

Ìṣirò náà sì máa ń bọ́ sí i níbi tí a kò retí. Ní Yukon, ní Kánádà, ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ń dá gbé, ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Láàárín ọdún 19 tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni wọ́n rí abo tó gba ọmọ òrukàn sọ́dọ̀. Gbogbo ọmọ márùn-ún jẹ́ ẹbí ẹni tó gbà wọ́n. Wọ́n ṣírò ìbátan, wọ́n ṣírò bí ọmọ kan sí i ṣe máa dín ìyè àwọn ọmọ inú ìtẹ́ kù: níbi tí wọ́n ti gbà wọ́n, èrè ju àdánù lọ.

Ó kù ọ̀kan tí kò bọ́ sí i. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, Christophe Boesch àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2010 nípa ọmọ ìnàkí (chimpanzee) 18 tí ìyá wọn kú, tí àwọn àgbà mìíràn gbà tọ́. Akọ ló gba nǹkan bí ìdajì nínú wọn. Wọ́n gbé wọn pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n pín èso eléèpo líle tí wọ́n fọ́ fún wọn. Àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé ọ̀kan péré nínú àwọn akọ yẹn ni bàbá ọmọ tó ń tọ́. Boesch fọwọ́ tọ́ka sí ẹkùn: ẹkùn pọ̀ ní Taï, ó ń ṣe ìnàkí léṣe, àwọn tó bá sì ń dúró ti ara wọn ló ń yè é bọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àṣà kékeré kan, bíi ti ẹ̀gà tó ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Èmi ò rò pé ọmọ 18 tó láti fi da ìṣirò Hamilton nù, àmọ́ mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé wọn ò bá a mu.